Kí ló dé tí bídọ̀n tí mo jó tún ń là?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, àtúnṣe ike ni mò ń ṣe. Bídọ̀n omi oní-lítà 25 ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá. Mo máa ń fi irin gbígbóná jó ojú ibi tó là, màá yọ́ ike mìíràn lé e, màá wá da omi tútù sí i kó lè tètè dì. Kì í jò lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gbé e lọ. Tó bá yá, á tún là, kì í sì í ṣe ojú ibi tí mo jó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tí o sọ ibi tó ti ń là. Ká ní ojú ìjó ló ń ṣí ni, màá ní iná kò wọ̀ ọ́ tó, tàbí pé ike méjèèjì kò bára mu. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń là, omi tútù yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Wo bí ike náà ṣe rí nínú. Okùn molékù gígùn (okùn tíntìntín tí ojú kò lè rí) ló kún inú rẹ̀. Apá kan nínú àwọn okùn náà tò, wọ́n ká léra wọn bí aṣọ lórí àtẹ aláṣọ, wọ́n sì di awẹ́ pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju nǹkan bíi nánómítà 10 sí 30 lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan). Andrew Keller, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló fi kíká yìí hàn ní 1957. Apá tó tò yìí ni kírísítà. Èyí tó kù wà ní wúruwùru láàárín awẹ́ kan sí èkejì, òun ló sì so wọ́n pọ̀. Nínú PE-HD, ìyẹn ike bídọ̀n rẹ (wo nọ́ńbà 2 nínú àmì onígun mẹ́ta ní ìdí rẹ̀), kírísítà máa ń tó 60 sí 80 nínú 100. Òun ló ń mú bídọ̀n le. Wúruwùru yẹn ni kì í jẹ́ kó fọ́ nígbà tó bá já bọ́.

Tí irin rẹ bá kàn án, awẹ́ tó fẹ́lẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ yọ́, èyí tó nípọn á tẹ̀ lé e, títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́ ní nǹkan bí 130 °C. Nígbà tó bá wá ń tutù, àwọn okùn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò, bí wọ́n sì ti ń tò ni ike ń sún kì. Ibi tí o jó ń sún kì, ike tútù tó yí i ká kò mira. Àwọn méjèèjì á wá máa fa ara wọn, ẹ̀gbẹ́ ìjó ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Omi tútù tún dá kún un: òde ti dì lójijì, inú ṣì gbóná, nígbà tí inú bá wá fẹ́ sún kì, òde kò gbà fún un mọ́.

Má da omi sí i mọ́. Lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó là kó má bàa sá síwájú, kí o sì fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ bíi lẹ́tà V kí ike tuntun lè wọnú. Kọ́kọ́ mú un yá gágá ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ yí ká, láì jẹ́ kó yọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o wá yọ́ etí méjèèjì. Ojú ike tó yọ́ dáadáa máa ń dán. Tó bá jẹ́ ike funfun tí wọn kò po àwọ̀ sí, á mọ́ gaara débi pé wàá rí irin rẹ lábẹ́ rẹ̀, torí kírísítà tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ti tú. Bí o kò bá tíì rí i kó dán, má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Tó bá ń rú èéfín, iná ti pọ̀ jù, okùn rẹ̀ ti ń já.

Àwọn tó ń jó páìpù PE (ẹbí ike bídọ̀n rẹ) pọ̀ máa ń lo irin pẹlẹbẹ tó gbóná tó 200 sí 230 °C. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ tán, wọn kì í tú u, wọn kì í sì í da omi sí i, àfi kó tutù fúnra rẹ̀. Ṣe bíi tiwọn. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ lọ́dọ̀ yín àti ní Ṣàbẹ lè ṣe irú ìjàǹbá tí omi ń ṣe, nítorí náà fi àpò bo ojú ìjó.

Ìbéèrè: Ike àga tó ti fọ́ ni mo máa ń yọ́ lé e. Ṣé kò burú?

Ìdáhùn: Ó burú o. Àga wọ̀nyẹn sábà máa ń jẹ́ PP, nọ́ńbà 5, nǹkan bí 160 sí 165 °C ló ń yọ́. Àní bí o bá yọ́ méjèèjì tán, okùn wọn kì í wọnú ara wọn. Má sì fi omi dán an wò láti mọ ìyàtọ̀ wọn, torí àti PP àti PE ló ń léfòó. Bídọ̀n tó ti kú pátápátá ni kí o máa gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí o fi pa mọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Ìbéèrè: Àga tó bá tẹ̀ máa ń funfun níbi tó ti tẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó ti ń bàjẹ́. Awẹ́ inú rẹ̀ ti ń fa ara wọn ya, ihò tíntìntín ti ṣí láàárín wọn, àwọn ihò yẹn ló ń mú un funfun. Fi ike PP kún ẹ̀yìn ibẹ̀ kó tó kán.

Ìbéèrè: Ìyá mi da ògì gbígbóná sínú ìgò omi tó mọ́ gaara, ìgò náà sún kì. Ṣé ó yọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò yọ́. PET ni, nọ́ńbà 1, ó di 250 °C kó tó yọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgò náà, wọ́n mú ike rẹ̀ tutù kíákíá kí okùn rẹ̀ má ráyè tò, wọ́n wá mú un yá, wọ́n fẹ́ ẹ kó nà. Láti nǹkan bí 75 °C ló ti ń rọ̀, ohun tí wọ́n nà á sì fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Bá mi sọ fún ìyá pé kí wọ́n jẹ́ kí ògì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó dà á sínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n tún ń gbé bídọ̀n bẹntiróòlù wá. Ṣé bí mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo lè jó o?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Inú wúruwùru yẹn ni bẹntiróòlù ń wọ̀ sí, ọṣẹ kò lè dé ibẹ̀. O lè fọ̀ ọ́ lónìí kí òórùn lọ, irin gbígbóná á tún lé epo náà jáde, bídọ̀n á sì gbiná lójú rẹ. Bídọ̀n bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Wàǹdó, èmi kì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san.