Bí mo ṣe kọ àlàyé lédè Yorùbá sí ohun èlò ìṣaralóge àwọn ará Íjíbítì àtijọ́

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù bi mí bóyá irú tìróò tí àwọn ìyá àgbà wọn ń lé náà ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń lé sójú. Kí n lè dá wọn lóhùn dáadáa, mo lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Petrie ní ọgbà yunifásítì UCL, mo ya àwòrán àwọn ohun èlò náà, mo sì kọ àlàyé sábẹ́ wọn fún ìwé kékeré tí a ó máa lò ní kíláàsì.

Mo kọ́kọ́ pinnu pé n kò ní tò wọ́n bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí, bí kò ṣe bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, láti ọwọ́ ẹni tó ń lọ àwọ̀ títí dé ojú ẹni tó fẹ́ kùn ún.

Ọlọ ló ṣáájú. Ní nǹkan bí ọdún 3500 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará àfonífojì Náílì ti ń gbẹ́ òkúta pẹlẹbẹ láti Wadi Hammamat, ní aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn Íjíbítì, ní ìrísí ẹja, ìjàpá àti ẹyẹ, òkúta kékeré tó dán sì ni ọmọ ọlọ rẹ̀. Ibí ni mo pẹ́ sí jù, nítorí pé inú sàréè ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú àwọn ọlọ wọ̀nyí, tí àwọ̀ ewé sì ṣì lẹ̀ mọ́ òmíràn lára. Kíkun ojú kì í ṣe afẹ́ lásán lójú wọn rárá. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ń kun ojú wà lára ohun tí wọ́n ń fi fún ọba tó wàjà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sára ògiri inú píramídì ṣe sọ.

Àwòrán ọlọ ọba Narmer, tí àwọn awalẹ̀pìtàn Quibell àti Green hú jáde ní ìlú àtijọ́ Hierakonpolis láàárín 1897 sí 1898, ni mo wò ya, nítorí Kairo ni òun wà. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 64. Ọrùn gígùn ẹranko méjì ló yí ojú ibi ìlọ-nǹkan ká, ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun ọba ló gba ìyókù ara òkúta náà. Ó wú mi lórí gidigidi pé ohun èlò ìkunjú ni wọ́n yàn láti gbé ògo ọba lé lórí.

Lẹ́yìn ọlọ ni ìkòkò òkúta kékeré tó ní ọmọrí, àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ onígi tàbí onírin tí wọ́n fi ń lé àwọ̀ náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ilẹ̀ Sínáì wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí òkúta àwọ̀ ewé; Gebel Zeit, létí Òkun Pupa, sì ni wọ́n ti ń wa èyí tó dúdú. Jígí wọn, bàbà tí wọ́n dán ni, ojú òrìṣà Hathor sì máa ń wà lára èèkù òmíràn.

Òkúta dúdú yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ: òkúta òjé ni, irú rẹ̀ náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Faransé fi hàn pé àwọn ará Íjíbítì tún ń fọwọ́ ara wọn po àwọn èròjà òjé mìíràn mọ́ ọn, èyí tó jọ pé ìwòsàn ojú ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, májèlé ni òjé, pàápàá fún ọmọdé. Ní 2012, àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà ròyìn ọmọ oṣù 6 kan ní Boston tí òjé wọ̀ lára láti inú tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà. Mo kọ ìkìlọ̀ yìí sábẹ́ àwòrán ìkòkò náà gan-an, ní lẹ́tà ńlá, kí àwọn òbí tó ṣì ń lé tìróò sójú ọmọ ọwọ́ lè rí i kà.