Bí a ṣe ń yan ohun èlò ààbò fún géètì àti ilẹ̀kùn tí ń fi iná ṣí

Géètì onírin tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́ lórí réèlì, irú èyí tí ó pọ̀ ní Lẹ́kí, ní Bódìjà àti ní àwọn àdúgbò tuntun tí ó yí Ìbàdàn ká, lè wọ̀n ju 500 kìlógíráàmù lọ. Nígbà tí máígádì bá ń fi ọwọ́ tì í, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé nǹkan ti há, yóò sì dúró. Nígbà tí a bá gbé iṣẹ́ náà lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ọmọ tàbí ewé gbígbẹ ni ó wà níwájú òun, àfi bí a bá fi ohun tí yóò máa bá a ríran sí i lára. Síbẹ̀, iye rìmóòtì tí yóò bá ẹ̀rọ wá, àti bóyá fóònù lè ṣí i, ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi.

Ní ilẹ̀ Britain, níbi tí irú géètì bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ tipẹ́, ọmọdébìnrin méjì ni géètì pa ní ọdún 2010, ọ̀kan ní Manchester, èkejì ní Bridgend ní ilẹ̀ Wales, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé sí ara wọn. Àjọ ìjọba tí ń bójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ wá kìlọ̀ fún àwọn tí ń ṣe géètì pé dídín agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti géètì kù kò tó fúnra rẹ̀, pé a gbọ́dọ̀ fi rọ́bà tí ń mọ ìfọwọ́kàn sí etí géètì, kí a sì fi ohun tí ń ríran kún un. Mo fẹ́ kí olùkàwé mú ọ̀rọ̀ yìí dání lọ sí ọjà, nítorí pé àwọn olùtajà a máa sọ pé ẹ̀rọ tuntun máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ó bá kan nǹkan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti fún nǹkan náà mọ́ ògiri ni yóò tó mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí iyanrìn bá ti kún réèlì tí géètì sì ń wúwo, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó wá tún un ṣe máa ń ṣe ni pé kí ó yí agbára ẹ̀rọ sókè kí géètì lè rìn, ìmọ̀lára tí a gbójú lé yóò sì di asán lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì àti téèpù, kí ẹ bá ilẹ̀kùn náà rìn láti ibi tí ó ti ṣí pátápátá títí dé ibi tí ó ti pa dé, kí ẹ sì máa sàmì sí gbogbo ibi tí ènìyàn lè há sí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rántí iwájú géètì, níbi tí ó ti ń lọ bá òpó. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí géètì bá ń ṣí, tí ìdí rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ògiri tí àwọn ọmọdé ń sá pamọ́ sí. Bí géètì bá jẹ́ onípáìpù tí àlàfo wà láàárín rẹ̀, ọwọ́ tí ẹnìkan bá na gba inú rẹ̀ kọjá ni òpó yóò gé nígbà tí géètì bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tí ó yanjú èyí dáadáa tó páànù tàbí nẹ́ẹ̀tì onírin tí wẹ́dà jó mọ́ ọn ní ọ̀sán kan, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní ti géètì aláwẹ́ méjì, ẹ wo ibi ìdè rẹ̀, nítorí pé àlàfo tí ìka lè wọ̀ nígbà tí ó ṣí a máa pa dé bí ẹnu àlùmọ́gàjí nígbà tí ó bá yí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sàmì tán ni ọ̀rọ̀ fótósẹ́ẹ̀lì tó kàn. Ohun kékeré méjì ni, ọ̀kan ń rán ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí, èkejì ń gbà á ní òdìkejì. Bí nǹkan bá dá ìtànṣán náà dúró, géètì yóò dúró tàbí kí ó padà sẹ́yìn. Ibi tí ó kù sí ni pé ìlà kan ṣoṣo ló ń wò. Ẹni tí ó ti kọjá ìlà náà, tí ó dúró láàárín rẹ̀ àti géètì, ẹ̀rọ kò rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn onílé fi ìlà kan síta, kí wọ́n fi òmíràn sínú, kí èyí tí ó wà níta sì sún mọ́ ojú géètì dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993 ti sọ ọ́ di dandan kí ẹ̀rọ ilẹ̀kùn gáréèjì ilé ní fótósẹ́ẹ̀lì tàbí rọ́bà ààbò, fótósẹ́ẹ̀lì náà kò sì gbọdọ̀ ga ju ínṣì 6 lọ láti ilẹ̀, kí ó lè rí ọmọ tí ń rá. Ní ilé iṣẹ́ tí tírélà ń wọ̀, gíga yìí nìkan kò tó, nítorí pé ìtànṣán tí ó wà nísàlẹ̀ lè gba abẹ́ tírélà kọjá láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ilẹ̀kùn sì rò pé ojú ọ̀nà ṣófo. Ẹ fi ìlà kejì sí ibi tí yóò kan ara ọkọ̀ náà gan-an.

Ẹ yan irú fótósẹ́ẹ̀lì tí àpótí rẹ̀ dí dáadáa, nítorí pé èèrà àti ọmọńlé fẹ́ràn ibi gbígbóná, eruku ọyẹ́ sì lè bo ojú rẹ̀ títí tí géètì yóò fi kọ̀ láti pa dé. Ẹ má ṣe kọ ojú èyí tí ń gba ìtànṣán sí ibi tí oòrùn yóò ti máa ràn sí i tààrà ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́.

Mo ti dé ibi tí ó jẹ́ ọkàn ìlànà ààbò báyìí, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Ìbàdàn nítorí pé géètì ń pariwo. Iná pupa kékeré ń tàn lára fótósẹ́ẹ̀lì rẹ̀, onílé sì fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. Mo fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, géètì kò dúró. Nígbà tí mo ṣí páálí ẹ̀rọ, ìyẹn àpótí tí ń darí ẹ̀rọ náà, mo rí i pé ẹni tí ó ti wá ṣe é ṣáájú ti já wáyà tí ń mú ìròyìn wá láti ọ̀dọ̀ fótósẹ́ẹ̀lì, ó fi wáyà kékeré kan tí ó gùn tó ìka méjì so ojú méjèèjì tí wáyà náà yẹ kí ó wà pọ̀, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé ojú ọ̀nà ṣófo, ó sì fi téèpù dúdú wé e. Iná tí ń tàn náà kò ju iná lọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi olùtajà ni pé: bí wáyà ohun èlò yìí bá já, ṣé ẹ̀rọ yóò kọ̀ láti rìn, tàbí yóò máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan? Èyí tí ó bá kọ̀ láti rìn ni ẹ rà. Àwọn páálí ẹ̀rọ tí ó dára jù máa ń dán fótósẹ́ẹ̀lì wò fúnra wọn kí wọ́n tó gbé géètì kúrò níbi tí ó wà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ rìmóòtì.

Rọ́bà ààbò tí a ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn náà tẹ̀lé ìlànà yìí. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ní ẹ̀yà kékeré kan ní ìparí wáyà rẹ̀, tí bí ó ṣe ń dènà iná mànàmáná tó jẹ́ kilo-ohm 8.2. Páálí ẹ̀rọ ń ka nọ́ńbà yìí nígbà gbogbo: bí ènìyàn bá tẹ rọ́bà, nọ́ńbà yóò wálẹ̀, bí wáyà bá já, nọ́ńbà yóò lọ sókè kọjá ààlà, nínú méjèèjì, ilẹ̀kùn yóò dúró. Nítorí náà, ẹ rí i dájú pé páálí tí ẹ fẹ́ rà ní ojú fún 8.2, nítorí pé àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kò ní in. Irú kejì, tí a ń rí lábẹ́ ilẹ̀kùn ńlá ilé iṣẹ́, ń rán ìtànṣán gba inú ihò rọ́bà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, títẹ̀ rọ́bà sì ni yóò pa ìtànṣán náà. Ẹ tún wo bí rọ́bà náà ṣe nípọn tó. Ilẹ̀kùn tí ń yára kì í dúró lójú ẹsẹ̀, rọ́bà ni yóò gba ìrìn díẹ̀ tí ó kù náà, bí ó bá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, irin yóò dé ara ènìyàn kí ẹ̀rọ tó dúró.

Àwọn ará Yúróòpù ti fi nọ́ńbà sí èyí nínú ìlànà wọn tí a ń pè ní EN 12453. Bí àlàfo tí ó kù kí ilẹ̀kùn pa dé bá wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 sí 50, agbára tí ó fi kan ènìyàn kò gbọdọ̀ ju 400 newton lọ, èyí tí ó sún mọ́ ìwúwo ẹrù 40 kìlógíráàmù, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá lọ kí ó tó rẹlẹ̀ sí 150. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ilé iṣẹ́ ńlá yẹ kí ó béèrè ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èyí. Ní ti ilẹ̀kùn gáréèjì ilé tí ń wá láti òkè, pákó tí nínípọn rẹ̀ tó ínṣì kan ààbọ̀, tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, ti tó fún ìdánwò: ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ padà sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 tí ó bá ti kàn án. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ yàtọ̀, nítorí pé ewu tí ó ń bẹ lókè orí òṣìṣẹ́ tóbi ju èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí ń ká sókè bí ẹní, tí a ń pè ní ṣọ́tà, so mọ́ ẹ̀rọ nípa àwọn eyín inú àpótí gíà. Bí eyín náà bá jẹ tán, ohun gbogbo yóò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun èlò tí ń di ọ̀pá rẹ̀ mú nígbà tí ó bá yára ju bó ṣe yẹ lọ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà, kí ó sì tó ìwúwo ilẹ̀kùn náà. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ní sípíríǹgì ń fẹ́ ohun tí yóò dì í mú bí sípíríǹgì tàbí kéèbù bá já, ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ tú sípíríǹgì ọ̀hún. Wáyà tí a rì sínú kọnkéré láti mọ ọkọ̀ kì í mọ ènìyàn rárá, nítorí pé irin ló ń mọ̀. Mo ti rí ibi tí a ti kà á mọ́ ohun èlò ààbò, ó sì bà mí nínú jẹ́. Níbi tí fọ́ọ̀kílíìfù àti òṣìṣẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà, ìtànṣán púpọ̀ tí ó tò lórí ara wọn bí aṣọ ìkélé, tí ó ga tó 2.5 mítà, ló dára jù, bí owó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ fi bọ́tìnnì tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò sí ibi tí ó ti lè rí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lò ó bí ó ti yẹ, ojú ènìyàn wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn kékeré bá wà lára ńlá, ẹ fi súwíìsì sí i kí ńlá má lè gbéra nígbà tí kékeré bá ṣí.

Ẹ padà wá sí géètì ilé, kí ẹ wo òpin réèlì rẹ̀. Irin ìdádúró gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí a jó mọ́lẹ̀ gidigidi, nítorí pé súwíìsì tí ń sọ fún ẹ̀rọ pé ó tó lè bàjẹ́, géètì tí ó bá sì yọ kúrò lórí réèlì yóò wó lé ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, kọ́kọ́rọ́ tí ń tú ẹ̀rọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ máígádì, kì í ṣe nínú yàrá ọ̀gá. Bí iná bá sì dé, géètì kò gbọdọ̀ rìn títí ẹnìkan yóò fi pàṣẹ fún un. Iná tí ń ṣẹ́jú lórí òpó dára, ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ ààbò.

Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá ní òun ti parí, ẹ gbé páálí ìndómì òfìfo sí ojú ọ̀nà géètì níbi mẹ́ta: lójú ìlà fótósẹ́ẹ̀lì, láàárín ìlà àti géètì, àti ní ẹ̀yìn tí ó ti ń ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó tú wáyà fótósẹ́ẹ̀lì kan lójú yín, kí ó sì tẹ rìmóòtì. Bí géètì bá rìn, ẹ má tíì san owó tó kù.