Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìn mi ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ ìdàgbà

Àwọn ọmọ SS3 tó ń múra WAEC ló pọ̀ jù nínú lẹ́sìn (ẹ̀kọ́ àfikún) tí mo ń ṣe ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn jù ni ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra. Wọ́n ti há a sórí pé grow, increase, expand, swell, mature, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Tí ìdánwò bá wá ní kí wọ́n mú èyí tó bá gbólóhùn mu, wọ́n á kàn máa méfò.

Mo kó ìwé ìbéèrè àtijọ́ jọ, mo sì ní kí wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ ìdàgbà jáde, kí wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí páálí pélébé. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣí díṣọ́nárì. Ìbéèrè kan péré ni mo ní kí wọ́n bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: kí ló ń dàgbà?

Irúgbìn la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra àgbàdo gbígbẹ àti ẹ̀wà olóyin ní ọjà Sábó. Ẹ má lo àgbàdo aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù irúgbìn tí ọmọdé bá máa fọwọ́ kàn án, wọ́n ti fi oògùn kòkòrò àti aró pa á lára. A ki òwú sínú ife tó mọ́ gaara, a fi omi rin ín, a sì ki hóró sáàárín òwú àti ara ife kí ojú lè tó o. Kí òwú tutù ti tó. Tí omi bá bo hóró mọ́lẹ̀, kò ní rí afẹ́fẹ́, á rà ni.

Ẹ̀wà kọ́kọ́ mu omi yó. Awọ rẹ̀ hun jọ, ó wú, ó ya. "Àǹtí, ó ti ń grow!" Mo ní rárá o, swell nìyẹn. Omi ló kún inú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ tó rọ́ ṣe máa ń wú, tí odò sì máa ń kún lásìkò òjò. Ìgbà tí gbòǹgbò funfun tín-ín-rín yọ, tó sì dorí kọ ilẹ̀, ni mo ní kí wọ́n gbé páálí germinate wá. A dá ife kan dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí gbòǹgbò náà fi ṣẹ́rí padà sí ìsàlẹ̀. Ọrùn ẹ̀wà tẹ̀, ó ń fa abala méjèèjì hóró náà bọ̀ lókè, nígbà tí hóró àgbàdo jókòó síbi tó wà, tó kàn ti ewé ṣóńṣó kan jáde. Nínú ilẹ̀ wa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí, ọjọ́ 3 sí 5 ti tó fún ẹ̀wà láti hù.

Sprout sún mọ́ germinate, àmọ́ ó rìn jìnnà jù ú lọ. Iṣu tó ń ta eèhù nínú abà, sprout ni. Ilé tó ń hù bí olú lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dè náà, sprout ni, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì máa ń pè é ní mushroom.

Mo ti gbé ife àgbàdo kan pamọ́ sábẹ́ tábìlì níbi tó ṣókùnkùn. Nígbà tí a fà á jáde, ó ga ju àwọn tó kù lọ, àmọ́ ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò lè dá dúró. Ó grow, kò thrive. Kò sí àlàyé tí mo lè fẹnu ṣe tó máa dáa tó ìyẹn.

Ti ènìyàn ló pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé "My grandmother grew me." Mo ní ìyá àgbà rẹ kò gbìn ọ́ sóko. Àgbẹ̀ ń grow àgbàdo, ó ń raise adìyẹ, òbí ń bring up ọmọ, ọmọ náà fúnra rẹ̀ á sì grow up. Látinú ọ̀rọ̀ Látìn kan náà, tó túmọ̀ sí kéèyàn máa dàgbà, ni adolescent àti adult ti wá. Ọmọbìnrin kan wá béèrè bóyá crescent tó wà lórí mọ́ṣáláṣí náà bá wọn tan. Ó bá increase tan ni, nítorí oṣù tó ṣì ń dàgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀.

Lórí expand, increase àti develop, ìlú wa ni mo lò. Lọ́dún 2003, ìjọba Èkó dá àwọn LCDA, ìyẹn àgbègbè ìdàgbàsókè tí wọ́n gé lára ìjọba ìbílẹ̀, sílẹ̀, márùn-ún sì jáde lára Ìkòròdú: Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Bàyékù, Ìjẹ̀dè àti Ìmọ̀tà. Ilẹ̀ tí ilé gbà ti expand, èrò ti increase, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé ìlú náà ti develop? Ariwo ta! Ẹni tó ń gba ọ̀nà oníkòtò wá sí lẹ́sìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí àdúgbò rẹ̀. Mi ò dá sí i, torí pé ìdí ni kálukú fi ń gbe ọ̀rọ̀ tó mú lẹ́sẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa ń rise. Mi ò lo àkókò lórí ìyẹn.

Nígbà tí mo dán wọn wò, mo yọ páálí kúrò nílẹ̀, mo fún wọn ní gbólóhùn aláàlàfo láìsí ọ̀rọ̀ tí wọ́n á ti mú. Swell àti thrive, kò sẹ́ni tó ṣì í. Mature ló ta wọ́n nù: wọ́n mọ̀ ọ́n fún èso àti ènìyàn, wọn ò mọ̀ pé owó náà máa ń mature. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbà á, ìyá rẹ̀ ní fixed deposit ní báǹkì, ìyẹn owó tí wọ́n fi pamọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ kí nǹkan máa rẹ̀yìn ló kàn: shrink, dwindle, wither. Àgbàdo abẹ́ tábìlì yẹn ṣì wà, òun la máa fi ṣe wither.