Bí A Ṣe Ń Ya Tọkọtaya Alárìíyànjiyàn Ẹ̀pẹ́ fún Ojú Ewé Ẹ̀fẹ̀

Kó o tó mú pẹ́ńsù, wá ohun tí wọ́n máa jà lé lórí ná. Kó kéré, kó jẹ́ ohun tí gbogbo ilé mọ̀: owó ọbẹ̀, fáànù, ìhanrun, ta ló gbé kọ́kọ́rọ́. Ìgbájú, àìrọ́mọbí àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, má fi wọ́n sí i rárá. Ọ̀rọ̀ ò ní wọ́n ọ ní Ẹ̀pẹ́. Bí ọkọ bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, tí ìyàwó jẹ́ ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ bá Ọba Kòsọ́kọ́ dé lẹ́yìn ogun Èkó ọdún 1851, àríyànjiyàn ti wà nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí Káyọ̀káyọ̀, ọdún ìlú Ẹ̀pẹ́, bá sì ń bọ̀, aṣọ ọdún nìkan á tó jà lé lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ojú àwòrán mẹ́ta, ìyẹn àpótí mẹ́ta tá a ya àwòrán sí, ló dáa jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sùn ni ti àkọ́kọ́. Ìkejì jẹ́ èsì tó dà bíi pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Ìkẹta ló máa dojú ẹ̀ dé. Bill Hoest, tó bẹ̀rẹ̀ The Lockhorns, àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa tọkọtaya tó máa ń bára wọn jà, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968, ojú kan ṣoṣo ló fi ń ṣe tiẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan nísàlẹ̀. Ìyẹn le jù fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí àwòrán gbọ́dọ̀ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí òǹkàwé tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Wo àpẹẹrẹ yìí. Ìyá Kúdí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà ẹja Olúwo dé, ó gbé èbà kalẹ̀.

Ojú kìíní. Bàbá Kúdí: “Ìyá Kúdí, orí ẹja dà?”

Ojú kejì. Ìyá Kúdí: “Orí wo, Bàbá Kúdí?” Ọkọ: “Ṣé ẹja kan wà tí ò lórí ni?”

Ojú kẹta. Ìyá Kúdí ti kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ: “Ẹgbẹ̀rún kan tí ẹ fi sílẹ̀ ò dé orí. Ìdí ìrù ló ti rẹ̀ ẹ́.”

Láti ojú kìíní ni kó o ti ya ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Kúdí sínú èbà. Ó ń ṣàròyé, àmọ́ ó ń jẹun. Ìyẹn ni òǹkàwé fi máa mọ̀ pé ilé yìí ò ní tú. Bí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, àánú wọn ló máa ṣe èèyàn, kò ní lè rẹ́rìn-ín.

Bó ti wù kí inú bí Ìyá Kúdí tó, “ẹ” ló máa fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dé òpin. Àwọn kan máa ń yí i sí “o” kí ìjà lè gbóná, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ba ẹ̀fẹ̀ náà jẹ́, torí ọ̀wọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ta. Ọjọ́ tó bá fẹ́ ta á gan-an, kó pè é ní “Alájì”, ọkùnrin tí ò tíì dé Mẹ́kà rí.

Ìlọ́po méjì bó ṣe máa jáde ni kó o yà á. Fún ààyè tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14, tó ga ní 4.5, dá bébà A4 bùú, kó o ya 28 sí 9. Ojú kọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9 níbùú lóòró, àlàfo ìdajì sẹ̀ǹtímítà á sì wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ ni kó o kọ́kọ́ kọ, kó o tó fa òbìrí yí i ká. Ẹni tó bá fa òbìrí ṣáájú, lẹ́tà rẹ̀ á há, àmì ohùn ni yóò sì kọ́kọ́ yọ sọnù. Jẹ́ kí lẹ́tà ga ní mìlímítà 5, kí àlàfo tó tó bẹ́ẹ̀ wà láàárín ìlà méjì, torí ẹ́ ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú òbìrí kan ò gbọdọ̀ ju 15 lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni kó wà lápá òsì, kí òbìrí tiẹ̀ sì ga ju ti èkejì.

Bírò mìlímítà 0.3 ni fún ojú, ẹnu àti lẹ́tà, 0.8 fún etí ojú àwòrán. Jẹ́ kí yíǹkì gbẹ dáadáa kó o tó pa pẹ́ńsù rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fà kálẹ̀. Fi skáánà mú un ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó), dúdú òun funfun. Fọ́tò fóònù máa ń gbé òjìji wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí eérú tó bá dé orí bébà.

Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni ojú kẹta, tí ayàwòrán á tún máa ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀. Bí ojú kejì bá ti pani lẹ́rìn-ín, gé ọ̀rọ̀ ojú kẹta kúrò, kó o fi ojú Bàbá Kúdí nìkan síbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnu àwọn méjèèjì là pa pọ̀. Ẹnì kan ń sọ, èkejì ń gbọ́. Ohun méjì péré tó fún ẹ̀yìn àwòrán: àwọ̀n tí wọ́n sá, agbọ̀n ẹja. Tó o bá ya gbogbo etí ọ̀sà, kò sẹ́ni tó máa rí ojú wọn.

Má sì jẹ́ kí ìyàwó borí lọ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá borí lọ́sẹ̀ yìí, jẹ́ kó sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé, “Bàbá Kúdí, ìhanrun yín ò jẹ́ n sùn,” kí ọkọ má tilẹ̀ ṣíjú: “Ṣebí ìwọ lo ní kí n lọ wá jẹnẹrétọ̀.”