Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ "kí la máa jẹ lálẹ́ yìí"

Ìrẹsì òun ọbẹ̀ ata, ẹ̀bà òun ọbẹ̀ ata, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yí i po nílé wa títí ọkọ mi fi bi mí pé ṣé ata yìí ò ní sinmi ni. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé mi ò se ọbẹ̀ mọ́ ní Sátidé, ata nìkan ni mò ń sè: tàtàṣé, rodo, tòmátò díẹ̀, àlùbọ́sà, màá lọ̀ ọ́, màá gbé e kaná láìfi epo sí i títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, tó bá ti tutù màá pín in sínú ike kéékèèké, ó di fíríìsà.

Ike kan pẹ̀lú epo pupa, irú àti ṣọkọ, ẹ̀fọ́ rírò nìyẹn, a fi jẹyán. Òmíì di àsáró. Òmíì wọnú ẹ̀wà tá a lọ̀ fún mọ́ínmọ́ín, àmọ́ ata yẹn ti ki o, ẹ fi omi ẹran tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ là á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á le gan. Tọ́sìdeè àmàlà ni, ewédú àti gbẹ̀gìrì. Fúráìdeè ọkọ mi ló ń dín dòdò tá a fi ń jẹ̀wà (ìdajì ẹ̀ kì í dé orí tábìlì). Sọ́ńdè jọ̀lọ́ọ̀fù, àjẹkù ẹ̀ ni ti Mọ́ńdè.