Bí A Ṣe Ń Yan Yàrá Etí Òkun ní Barbados

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá yàrá etí òkun ní Barbados, erékùṣù kan ní àgbègbè Káríbíánì, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí kò sí òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní fọ́tò òkun tó mọ́ gaara, tí igi àgbọn tẹ̀ síwájú rẹ̀, tí àga méjì sì kọjú sí omi. Fọ́tò kì í sọ bóyá ìgbì ibẹ̀ ṣe é wẹ̀, bóyá atẹ́gùn ń dé ibẹ̀, tàbí bóyá títì ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn ìgbèrí ibùsùn. Máàpù ló ń sọ ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ mọ apá ibi tí òtẹ́ẹ̀lì náà wà ní erékùṣù, kí ẹ mọ ibi tí yàrá náà kọjú sí, kí ẹ tó wá wo bí ibùsùn ṣe rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan apá tí ẹ fẹ́

Barbados kò tóbi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 34, ibi tó sì fẹ̀ jù kò ju nǹkan bíi 23 lọ. Síbẹ̀, etíkun apá kan rẹ̀ kò jọ ti apá kejì rárá. Ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún, láti ìlà oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ó ń gba orí Òkun Àtìláńtíìkì kọjá láti ìhà Áfíríkà, kò sì sí ilẹ̀ ńlá kankan tó dá a dúró títí tó fi kan Bathsheba ní etíkun ìlà oòrùn. Ìgbì tó ń tì wá síbẹ̀ ga, ó ń fọ́ mọ́ àpáta pẹ̀lú ariwo, àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì sì ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá nítorí rẹ̀. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi tí èèyàn ń kó ọmọ wọ̀.

Apá ìwọ̀ oòrùn, láti ẹkùn Saint James títí dé ẹkùn Saint Peter, níbi tí Holetown àti Speightstown wà, ni omi ti máa ń dákẹ́ jù, nítorí erékùṣù náà fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀yìn gba atẹ́gùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa lè dúró nínú omi dé àyà níbẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Àléébù rẹ̀ ni pé atẹ́gùn kan náà tí ilẹ̀ dí ni kò ní wọ inú yàrá yín, ẹ ó sì nílò ẹ̀rọ amúlétutù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Owó apá yìí náà ló ga jù. Apá gúúsù, ní ẹkùn Christ Church, wà láàárín méjèèjì: ìgbì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kì í sábà ga jù, atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa, ilé oúnjẹ sì pọ̀ débi pé èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ jẹun alẹ́. Ibẹ̀ ni Worthing wà, àti Dover, àti etí òkun Rockley tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Accra Beach. Bí awakọ̀ bá ní Accra lẹ ń lọ, ẹ má rò pé ẹ ti ṣi ọkọ̀ wọ̀.

Tí ẹ bá ń kó ọmọ kéékèèké lọ, apá ìwọ̀ oòrùn ni mo máa sọ fún yín láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí ó bá jẹ́ tọkọtaya tó fẹ́ sùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, tí wọ́n sì fẹ́ fi owó díẹ̀ pamọ́, gúúsù ló dára jù.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ó wà nínú ìṣirò yìí, òun ni koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sargassum. Láti ọdún 2011 ló ti ń wọ́ wá sí etíkun Káríbíánì lọ́pọ̀ yanturu. Ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, tí àwọn apẹja Ghana àti Sierra Leone sì ń rí i nínú àwọ̀n wọn. Bó bá gúnlẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹyin òbu, ó sì máa ń ba ohun èlò onírin inú yàrá jẹ́. Ìlà oòrùn àti gúúsù ìlà oòrùn Barbados ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, nítorí atẹ́gùn yẹn kan náà ló ń gbé e wá. Apá ìwọ̀ oòrùn sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti bí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ ni kí ẹ fojú sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn náà ní tirẹ̀: láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ìjì tó ń jà ní àríwá Àtìláńtíìkì lè rán ìgbì ńlá wá, tí yóò kó yanrìn iwájú òtẹ́ẹ̀lì lọ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ túmọ̀ orúkọ yàrá

Orúkọ tí òtẹ́ẹ̀lì fún yàrá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà, ẹ kà á bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ ọjà. “Beachfront” yẹ kó túmọ̀ sí pé ẹ ó jáde láti yàrá bọ́ sórí yanrìn, ṣùgbọ́n nígbà míì òtẹ́ẹ̀lì lódindi ni wọ́n ń sọ pé ó wà létí òkun, kì í ṣe yàrá yín. “Oceanfront” ni pé yàrá kọjú sí òkun gan-an, bó tilẹ̀ lè jẹ́ pé àpáta tàbí ògiri ló wà nísàlẹ̀ dípò yanrìn. “Ocean view” ni pé ẹ lè rí òkun láti ibì kan nínú yàrá náà. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ lọ, owó “ocean view” ni mo san ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní apá gúúsù. Mo dúró sí igun bákónì, mo na ọrùn jáde láàárín ògiri àti igi àgbọn, mo sì rí òkun bí ìgbà tí èèyàn bá na aṣọ àlà pélébé kan sórí okùn. Wọn kò parọ́ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ilé náà láti òkè

Ẹ ṣí máàpù tó ń fi àwòrán láti ojú ọ̀run hàn, kí ẹ sún un mọ́ra títí ẹ ó fi rí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ wá títì. Ní apá ìwọ̀ oòrùn, Highway 1 sún mọ́ òkun gan-an ní ọ̀pọ̀ ibi, débi pé àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan fún mọ́ àárín títì àti omi, tí àwọn mìíràn sì wà ní òdìkejì títì pátápátá, tí àlejò ní láti sọdá kó tó dé etí òkun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá odò ìwẹ̀, ilé ọtí àti ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni orin alẹ́ àti ariwo àwo òwúrọ̀ ti ń wá. Yàrá tó jìnnà sí wọn ní ìpẹ̀kun ilé, tó sì ṣì kọjú sí òkun, ni kí ẹ fi àmì sí.

Ẹ wo ibi tí àríwá wà. Oòrùn kì í wọ̀ sí ojú kan náà jálẹ̀ ọdún: ní oṣù Kejìlá, ó ń wọ̀ sí ìhà gúúsù díẹ̀, ní oṣù Kẹfà, ó ń wọ̀ sí ìhà àríwá. Ẹni tó fẹ́ fi wíwọ̀ oòrùn ṣe ìrántí ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá, tó wá gba yàrá tó kọjú sí àríwá ìwọ̀ oòrùn, lè rí ìmọ́lẹ̀ lára ìkùukùu kó má sì rí oòrùn fúnra rẹ̀. Ẹ sì rántí pé yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ọ̀sán ń nà láti bí aago méjì títí tó fi wọ̀. Bí bákónì rẹ̀ kò bá ní òrùlé, ẹ ò ní lè jókòó síbẹ̀ ní àkókò tí ẹ tìtorí rẹ̀ sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìsàlẹ̀ tàbí òkè

Yàrá ìsàlẹ̀ dára fún ìyá tí orúnkún ń dùn àti fún ọmọ tó ń sáré wọlé sáré jáde. Ṣùgbọ́n ti gbogbo ènìyàn ni etí òkun ní Barbados, òtẹ́ẹ̀lì kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí yanrìn, nítorí náà àwọn tó ń rìn kiri àti àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ yóò máa gba iwájú yín kọjá. Kantíkantí máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ ló sì pọ̀ sí. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin sórí yanrìn, wọ́n sì lè ní kí ẹ pa iná iwájú yàrá, torí ọmọ ìjàpá tó bá rí iná ilé yóò rò pé ibẹ̀ ni òkun wà. Bí igi tó fi òjìji bo iwájú yàrá bá ní àmì pupa yí ká ara rẹ̀, igi manchineel ni. Májèlé ni èso rẹ̀, oje rẹ̀ ń bó èèyàn lára, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sá òjò sábẹ́ rẹ̀.

Ní tèmi, òkè kìíní ló dára jù: atẹ́gùn ń dé ibẹ̀, igi kò dí ojú òkun, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ má kàn fi èso sílẹ̀ lórí bákónì. Ọ̀bọ aláwọ̀ ewé wà ní Barbados, láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn wá ní ayé àtijọ́, wọ́n sì mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìgbà àti owó

Láti àárín oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kẹrin ni owó yàrá ń ga jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì líle. Púpọ̀ nínú àwọn ìjì náà ń gba àríwá Barbados kọjá, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl gba orí òkun ní gúúsù erékùṣù náà kọjá, ìgbì rẹ̀ sì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja. Bí ẹ bá ń lọ ní àkókò yẹn, ẹ gba yàrá tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà, kódà bó bá wọ́n díẹ̀.

Ẹ tún béèrè irú dọ́là tí wọ́n kọ. Dọ́là Barbados méjì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, bẹ́ẹ̀ ló sì rí láti ọdún 1975. Ẹni tó bá ṣi èyí kà ti fi ìlọ́po méjì ṣi ìṣirò rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá owó orí àti owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ̀wé sí wọn

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn tà á. Ìbéèrè kan ló ṣe kókó: “Bí mo bá dúró láàárín bákónì yàrá náà tí mo sì wo iwájú gan-an, kí ni mo máa rí?” Ẹ ní kí wọ́n sọ nọ́ńbà yàrá náà, tàbí ilé àti òkè tó wà, kí ẹ sì béèrè bóyá iṣẹ́ kíkọ́lé kankan ń lọ lọ́wọ́ nítòsí. Ẹni tó mọ yàrá náà yóò dáhùn ní gbólóhùn méjì. Bí wọ́n bá fi ìwé ìpolówó ṣèdáhùn, ẹ wá òmíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ má tíì tú àpótí. Ọkọ̀ òfuurufú láti London sábà máa ń gúnlẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà oòrùn yóò ṣì wà láti fi han yín bí yàrá náà ṣe ń gbóná sí. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn bákónì, kí ẹ dúró níbẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń kùn nísàlẹ̀ tàbí tí èéfín ilé ìdáná bá ń gòkè wá, ẹ padà sí ibi ìgbàlejò lójú ẹsẹ̀, nígbà tí yàrá mìíràn ṣì lè ṣófo. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé òru ni ẹ gbọ́ ohun kan tó ń súfèé láti inú ọgbà láìdákẹ́, pàápàá lẹ́yìn òjò, ẹ má lọ bá ẹnikẹ́ni jà: àkèré kékeré ni, kò tó àtàǹpàkò, kò sì sí yàrá kankan ní Barbados tí ẹ ó pààrọ̀ sí tí ẹ ò ní gbọ́ ọ.