Bí Kristẹni ṣe lè máa yọjú sáàárín ìlú láì sọ ìgbàgbọ́ ẹ̀ nù

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta mẹ́rin lè wà ní títì kan ṣoṣo, gọ́tà iwájú wọn á dí pa, tránsífọ́mà á jóná, tí wọ́n bá wá pe mítìn àdúgbò, àwa ni ò ní lọ, a ní fẹ́lóṣíìpù wà, a ní ọ̀rọ̀ ayé nìyẹn. Àmọ́ kí wọ́n ṣáà bu owó síkiọ́rítì lé wa, àwa la máa kọ́kọ́ pariwo pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Jeremáyà 29:11, gbogbo wa ti há a sórí, òun la máa ń gbé sí státọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 7 tó wà lókè ẹ̀ wò, Ọlọ́run ń sọ fáwọn tí wọ́n kó lẹ́rú pé kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, kí wọ́n máa gbàdúrà fún un. Bábílónì o, kì í ṣe Jerúsálẹ́mù! Kí ló wá dé tí àwa ò lè wá àlàáfíà Agége?

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe Abuja. Ẹ wádìí ibi tí wọ́n ti ń dá ọ̀rọ̀ àdúgbò yín. L'Ékòó CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ni wọ́n ń pè é, níbòmíì ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ni, ẹ bi ẹni tó ń gba owó síkiọ́rítì, á júwe ilé alága fún yín. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ tẹ́náǹtì, ẹ béèrè bóyá wọ́n á gbà yín láyè, ẹ ṣáà má fúnra yín yọ ara yín kúrò. Kí wọ́n fi yín sí gúrúùpù WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ má máa da àdúrà òru àti fláyà ìsọjí síbẹ̀ láràárọ̀, àwọn èèyàn fẹ́ mọ ìgbà tí iná máa dé ni.

Mítìn bíi mélòó kan àkọ́kọ́, etí ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ wo Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ tí Ìyá Funmilayo Ransome-Kuti, ìyàwó Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, kọ́kọ́ dá sílẹ̀, àwọn obìnrin tó kàwé tí wọ́n jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé ni wọ́n wá ń gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà yìí, pé owó orí ń pa wọ́n lọ́wọ́ pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Láwọn ọdún 1940, ọlọ́jà àti alákọ̀wé para pọ̀ ta ko owó orí náà, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, Aláké Ademola kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀. Ẹjọ́ oníṣòwò ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kó tó dà bẹ́ẹ̀.

Tó bá yá á kan tiyín náà, mo mọ̀ pé ariwo sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ẹ má bínú, ẹ lọ bá pásítọ̀ kẹ́ ẹ bá wọn yí ojú ẹ̀ padà. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nípìnlẹ̀ Èkó, ti ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí pa l'Ékòó torí ariwo, kì í ṣe inúnibíni.

Ẹ kí Alhaji dáadáa, ẹ má fi mítìn sí àkókò Jímọ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣàdúrà, ẹ ṣe é lórúkọ Jésù láì fojú bọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì ti tó o, kì í ṣe fìjìlì.

Ibi tó le jù ni ibi tí ẹ̀rí ọkàn yín ò ti ní gbà. Wọ́n lè bu owó ètùtù, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá owó jọ fún ọ̀gá kan kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn dìde, a ò ní padà wá mọ́, àwọn míì á bá wọn san án, wọ́n á máa ráhùn lábẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tí Dáníẹ́lì ṣe ní orí kìíní: ó kọ́ èdè wọn, ó kàwé wọn, ó ṣiṣẹ́ láàfin wọn, oúnjẹ àti wáìnì ọba nìkan ló kọ̀. Kò sì pariwo mọ́ ẹni tó ń tọ́jú òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá dán àwọn wò. Ẹ̀yin náà ẹ sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè dá sí ti ètùtù yìí, àmọ́ tránsífọ́mà yẹn, ẹ kọ orúkọ mi, màá fi nǹkan kún iye tó kàn mí." Ẹ sì san án lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, torí tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè, ahun ni wọ́n máa pè yín, wọn ò ní rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn kankan. Ti owó ọ̀gá yẹn, ẹ ní kó fún yín ní rìsíìtì, ẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe máa yí ohùn padà.

Tó bá kan ìjọba ìbílẹ̀, bí ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn ti ṣe tẹ́nì kan ò rí, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin Freedom of Information ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè, ẹ ò ní láti sọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n fi máa dáhùn, wọ́n lè fi méje míì kún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu sítáǹpù sí ọ̀kan kẹ́ ẹ mú un lọlé. Ẹni tó bá ní irú èyí kì í ṣe ti ẹ̀mí, kó lọ ka Ìṣe 16, wọ́n fẹ́ rọra yọ Pọ́ọ̀lù jáde lẹ́wọ̀n, ó ní rárá o, ọmọ Róòmù lòun, káwọn tó ti òun mọ́lé fẹsẹ̀ ara wọn wá mú òun jáde.

Ẹgbẹ́ òṣèlú ńkọ́? Ẹ gba káàdì ìdìbò, ẹ dara pọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín tó bá wù yín, ẹ ṣáà má gbé e dé orí pẹpẹ.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi yín ṣe akápò torí wọ́n mọ̀ pé ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó sínú àkáǹtì ara yín rárá. Ẹ ní kí wọ́n ṣí tẹgbẹ́, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ máa ju àkọsílẹ̀ sí gúrúùpù níparí oṣù. Tí alága bá wá rọra sọ fún yín pé òun fẹ́ yá díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ní kó gbé e wá sí mítìn.